Ṣúgà tí kì í ṣe ṣúgà: bí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣe lè lò ó láì tan ara rẹ̀ jẹ

Ní àárọ̀ Sátidé kan, bàbá kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn gbé glucometer wọn, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, wá bá mi. Ojú wọn le. Wọ́n ní, "Ìwọ lo ní kí n jáwọ́ nínú ṣúgà. Mo jáwọ́. Wá wo nǹkan tí ẹ̀rọ yìí ń sọ." 248 ló wà lójú ẹ̀rọ. Mo béèrè ohun tí wọ́n jẹ. Wọ́n ní gaàrí ni, gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, ife ńlá kan, omi tútù, ẹ̀pà díẹ̀. Wọn ò fi ṣúgà sí i o. Hóró mẹ́ta ni wọ́n jù sí i, nínú adùn tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti London, èyí tó wà nínú ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ lórí tí hóró fi ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí bàbá ń rò ni pé hóró yẹn á pa oró gaàrí. Kò sí hóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Nínú 100g gaàrí gbígbẹ, ó lé ní 80g tó jẹ́ sítáàṣì, sítáàṣì yẹn ni inú wa sì ń sọ di ṣúgà. Ṣíbí tíì mẹ́ta tí bàbá máa ń bù sí gaàrí wọn tẹ́lẹ̀ kò ju 12g lọ. Wọ́n yọ 12 kúrò, wọ́n fi ohun tó lé ní 80 sílẹ̀, wọ́n wá ń bá hóró jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, tí àwọn mìíràn ń pè ní àtọ̀gbẹ, àti ẹni tó ń dáná fún yín ni mò ń kọ èyí sí. Type 2 ni tèmi náà. Ohun tí mo ń pè ní adùn àtọwọ́dá ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ sweetener: hóró, ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kéékèèké, olómi inú ìgò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, kí wọ́n jókòó síbi tí ṣúgà ì bá jókòó sí. Wọn kì í fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, wọn kì í sì í ṣe oògùn. Nítorí náà, ohun tí ẹ ó máa bi ara yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá na ọwọ́ sí i ni: kí ni mo fi rọ́pò?

1. Ẹ kọ́kọ́ ka ṣúgà tí ẹ ń mu

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ mú ìwé kékeré, kí ẹ kọ gbogbo ohun dídùn tó bá gba ẹnu yín kọjá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ òde, nítorí ọjọ́ òde la ti ń gbàgbé. Ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú jẹ́ 4g ṣúgà. Èyí tí ẹ bù tó ga bí Òkè Olúmọ lè tó ìlọ́po méjì ìyẹn, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìgò padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan pé 10.6g ṣúgà ló wà nínú 100ml, a jẹ́ pé 53g ló wà nínú ìgò 50cl. Ẹ pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin: ó lé ní ṣíbí tíì 13. Ta ni nínú wa tó lè bu ṣíbí 13 sínú ife tíì kan lójú àlejò?

Malt ni mo máa ń bá jà jù. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, malt la ó gbé lọ kí i, àní bó jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà gan-an ló gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ìlérí tí wọ́n kọ sí i lára pé ó ń fúnni lókun kò yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ ṣe ka ti ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ fi wọ́n wéra. Ìyẹ̀fun kòkó inú agolo tí a ń pò láàárọ̀ ti gbé ṣúgà tirẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Mílíìkì agolo tó nípọn, tó ń fà bí oyin, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ṣúgà. Ẹni tó bá po ìwọ̀nyí tán, tó wá ju hóró adùn àtọwọ́dá lé e lórí, ilẹ̀kùn ló tì, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, ẹ wá méjì tó wúwo jù nínú ohun tí ẹ kọ. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun mímu ni: ṣúgà inú tíì, àti ẹlẹ́rìndòdò. Ibẹ̀ gan-an ni adùn àtọwọ́dá ti wúlò, nítorí pé bí ẹ bá yọ ṣúgà kúrò nínú tíì, kò sí sítáàṣì kankan tó kù nísàlẹ̀ ife. Ẹni tó ń mu ife mẹ́ta lóòjọ́ pẹ̀lú ṣíbí mẹ́ta-mẹ́ta ti yọ 36g kúrò láì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀.

2. Orúkọ ni kí ẹ kà, ẹ má wo àwòrán

Níwájú páálí, wọ́n lè ya ewé tútù, kí wọ́n kọ "sugar-free" tàbí "diabetic" gàdàgbà. Ẹ yí i sẹ́yìn. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ tíntìntín níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kí ẹ tó kà á rárá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Àwọn tí kì í gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè fúnra wọn ni saccharin, aspartame, acesulfame K, cyclamate, sucralose àti stevia. Saccharin ni àgbà wọn. Ní 1879, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, Constantin Fahlberg kúrò nídìí iṣẹ́ láì fọ ọwọ́ dáadáa, ó jókòó síbi oúnjẹ, ló bá rí i pé nǹkan ń dùn lọ́wọ́ òun. Ní 1965, James Schlatter lá ìka kó lè ṣí ìwé, ó sì rí aspartame. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti sucralose ní London ní 1976: wọ́n ní kí Shashikant Phadnis yẹ ohun kan wò, òun gbọ́ ọ sí pé kí òun tọ́ ọ wò, ó sì tọ́ ọ wò lóòótọ́. Àṣé àìfọwọ́ àti àṣìgbọ́ ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Stevia ní tirẹ̀, ewé ni, láti Paraguay, àwọn Guaraní sì ti ń lò ó tipẹ́ kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Aspartame fi bí ìlọ́po 200 dùn ju ṣúgà lọ, saccharin láti 300 sí 400, sucralose bí 600. Ẹ wá ronú sí i: bí nǹkan bá dùn tó bẹ́ẹ̀, báwo ni ọ̀rá kékeré kan ṣe kún? Wọ́n fi nǹkan mìíràn bù kún un ni, dextrose tàbí maltodextrin lọ́pọ̀ ìgbà, ìran ṣúgà àti sítáàṣì sì ni méjèèjì. Ohun tó wà nínú ọ̀rá kan kì í sábà ju nǹkan bí 1g lọ, nítorí náà ọ̀kan tàbí méjì kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ya mẹ́wàá lóòjọ́ ní láti kà á mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ti hóró àti ti olómi kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí.

Ìsọ̀rí kejì ni àwọn tí orúkọ wọn parí sí -ol: sorbitol, maltitol, xylitol, erythritol. Inú súìtì, ṣingọ́ọ̀mù, ṣokoléètì àti bisikíìtì tí wọ́n kọ "sugar-free" sí lẹ ó ti bá wọn. Maltitol ń gbé ṣúgà sókè, kò kàn tó ti ṣúgà gidi ni. Wọ́n tún máa ń da inú rú: inú á kún, á máa ru, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀lé e. Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, náà máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo mọ ẹnìkan tó da metformin rẹ̀ nù nítorí inú rírú, tó sì ń lá súìtì onísorbitol bí ọ̀rá kan lóòjọ́ torí pé "tiwa ni, kò ní ṣúgà". Kí ẹ tó fi oògùn sílẹ̀, ẹ fi súìtì sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ná, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Bí ẹ bá ní ajá nílé, ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí xylitol wà. Ó ń pa ajá.

Ìsọ̀rí kẹta kì í ṣe adùn àtọwọ́dá rárá. Ṣúgà tó pààrọ̀ aṣọ ni: oyin, ṣúgà pupa, ìrèké, dàbínù, agave, omi èso inú páálí tí wọ́n ní àwọn ò fi ṣúgà sí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oyin máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹnìkan á ní oyin ìgàn ni, kò lábùlà, bàbá ńlá òun lá a títí ó fi di ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó dáa. Nínú ṣíbí ńlá kan oyin, nǹkan bí 17g ṣúgà ló wà, bó lábùlà bí kò lábùlà. Ẹ̀jẹ̀ yín kò mọ igbó tí wọ́n ti fa á.

3. Ẹ yan èyí tó bá iṣẹ́ mu

Aspartame kò fẹ́ràn iná. Bí ẹ bá sè é pẹ́, adùn rẹ̀ á pòórá. Ẹ fi sínú ohun tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, tàbí ohun tútù. Sucralose, stevia àti saccharin lè dúró lórí iná, nítorí náà àwọn ni mo fi ń ṣe zobo. Saccharin máa ń fi ìkorò bí irin sẹ́yìn ahọ́n bó bá pọ̀ jù. Hóró kan sábà máa ń dùn tó ṣíbí tíì kan ṣúgà, nítorí náà ẹ fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin nínú ife kan á jẹ́ kí ẹ kórìíra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó sì padà sí ṣúgà.

Ògì ń kọ́? Ẹ lè fi adùn àtọwọ́dá sí i, ohun tí mo sọ nípa gaàrí ló ṣì wà níbẹ̀: sítáàṣì ni ògì, ó sì ń tètè di ṣúgà nítorí pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ ṣe é kí ó kéré, kí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni puff-puff tí a fi sucralose ṣe ṣì jẹ́ fùláwà àti epo.

Níbi zobo yìí, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. A ń ra adùn láti ìdálẹ̀, bẹ́ẹ̀ méjì nínú ohun tó dùn lọ́nà ìyanu jù láyé, inú igbó wa ló ti ń hù. Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Thaumatococcus daniellii, máa ń so èso pupa onígun mẹ́ta sítòsí ilẹ̀. Ohun rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ hóró inú rẹ̀ ni wọ́n ń fa thaumatin jáde lára rẹ̀, adùn tó ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 2,000 sí 3,000. Nílẹ̀ Yúróòpù, E957 ni wọ́n ń kọ sí ara oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni àgbáyun. Òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, àmọ́ bí ẹ bá lá a yí ẹnu ká, ohun kíkan tó bá tẹ̀lé e á di dídùn fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Zobo kíkan tí a kò fi nǹkan kan sí, ẹ lá àgbáyun kan kí ẹ tó mu ún. Mo máa ń fi ṣe eré fún àwọn ọmọ nílé. Ẹ kàn rántí pé bó bá jẹ́ ọsàn lẹ fi tẹ̀lé e, ṣúgà ọsàn ṣì wà nínú ọsàn.

Zobo àti kunu tí ẹ ń rà lójú pópó, ẹ kà á sí ohun tó ní ṣúgà àyàfi tí ẹ bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pò ó.

Ta ni kò yẹ kó lo èwo? Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú phenylketonuria, àrùn tí kì í jẹ́ kí ara lè lo phenylalanine tó wà nínú aspartame bó ṣe yẹ, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan aspartame. Kò wọ́pọ̀, ìdí tí wọ́n sì fi ń kọ ọ́ sára páálí nìyẹn. Saccharin máa ń kọjá sára ọmọ inú oyún, nítorí náà kí aláboyún tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó máa lò ó.

4. Ẹ dán an wò lára yín

Ìka yín ló mọ̀ ju gbogbo páálí lọ. Strip, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ki bọ ẹ̀rọ, wọ́n, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo mẹ́rin péré fún ìdánwò yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí ẹ tó jẹun, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fojú kéré èyí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, tó wá gún ìka, ṣúgà ọsàn ló ń kà. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka, kì í ṣe orí rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ kì í dùn yàn. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹ mu tíì pẹ̀lú adùn àtọwọ́dá nìkan, kò sí mílíìkì, kò sí búrẹ́dì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ gún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń gún ínsúlínì tàbí tó ń lo glibenclamide tàbí glimepiride (oògùn oníhóró tó lè já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù) kò gbọ́dọ̀ ṣe ti ọjọ́ kìíní yìí, nítorí kò yẹ kó lo oògùn tán kó wá jókòó láì jẹun. Ti ọjọ́ kejì ni kó ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ yín bí ẹ ṣe máa ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú adùn yẹn. Ẹ gún ìka kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún gún un ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ fẹnu kan oúnjẹ.

Bí ti ọjọ́ kìíní bá fi nǹkan bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ sókè, ẹ má pariwo. Ẹ̀rọ tó dára pàápàá lè fi 15% yẹ̀. Bó bá fò láti 110 sí 150, ohun kan wà nínú ọ̀rá yẹn tó ju adùn lọ, ẹ padà lọ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ti ọjọ́ kejì, ibi tí wọ́n máa ń ní kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dé ni 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn arúgbó lè ní tiwọn lọ́tọ̀; ti dókítà yín ni kí ẹ dì mú. Bí ọmọ yín tó wà ní London bá ní tòun jẹ́ 7, ẹ má bẹ̀rù pé ó ti kú tán. Òṣùwọ̀n wọn, mmol/L, yàtọ̀ sí mg/dL tí àwa ń lò. Ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀: 126 ni tiwa.

5. Ibi tí ó ti lè pa ènìyàn

Bí ẹ ò bá ka ibòmíràn, ẹ ka ibí yìí.

Níbi ìgbéyàwó kan l'Abẹ́òkúta, àǹtí mi ti gún ínsúlínì wọn láàárọ̀, oúnjẹ ò sì tètè dé. Mo rí i tí gèlè wọn ń yọ̀ sẹ́yìn. Òógùn bo iwájú orí wọn bí ẹni tó rìn nínú òjò, wọ́n ń na ọwọ́ sí ife, ọwọ́ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn. Ẹnìkan nídìí tábìlì tó mọ̀ pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà sáré lọ mú agolo ẹlẹ́rìndòdò kan wá, ó ṣa èyí tí kò ní ṣúgà, ó rò pé òun ń ṣe rere. Wọ́n mu ún tán. Kò sí ìyàtọ̀. Ìgbà tí mo ka ara agolo ni mo dìde sáré. Mo gba ṣúgà lọ́wọ́ àwọn tó ń se oúnjẹ, mo bu ṣíbí mẹ́rin sínú omi, mo rò ó, mo gbé e sí wọn lẹ́nu. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń béèrè ẹni tó tú gèlè wọn.

Nígbà tí ṣúgà bá já wálẹ̀, ṣúgà gidi ni ara ń wá. Adùn àtọwọ́dá tan ahọ́n, kò tan ọpọlọ. Ohun tí ẹ ó ṣe rèé: bí ẹ̀rọ bá kà á sí ohun tí kò tó 70, tàbí tí kò sí ẹ̀rọ nítòsí ṣùgbọ́n tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí àyà ń lù kìkì, ẹ mu 15g ṣúgà. Ṣíbí tíì mẹ́rin tó tẹ́jú nínú omi tó o, tàbí ẹlẹ́rìndòdò gidi bí 150ml, tàbí ṣíbí ńlá kan oyin. (Ibi tí oyin ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ wa nìyí.) Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gún ìka. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un ṣe. Bó bá ti gòkè, ẹ jẹ oúnjẹ gidi. Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ báyìí. Ínsúlínì, glibenclamide, glimepiride àti irú wọn ló ń ṣe é. Bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, ẹ di ṣíbí ṣúgà mẹ́rin sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó, kí ó máa gbé inú báàgì yín. Ilé tí gbogbo ṣúgà ti tán nítorí pé bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, ilé eléwu ni. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́rìndòdò kan wà nísinsìnyí tí wọ́n dín ṣúgà wọn kù, tí wọ́n fi adùn àtọwọ́dá dí àlàfo rẹ̀. Ẹ ka ti èyí tí ẹ fọkàn tẹ̀ kí ọjọ́ ìdààmú tó dé.

6. Ìròyìn WhatsApp

Ní oṣù karùn-ún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àwọn ènìyàn má gbójú lé adùn àtọwọ́dá láti fi dín sísanra kù. Ó dé gbogbo gúrúùpù. Gbólóhùn tí àwọn tó ń fi ránṣẹ́ gé kúrò ni pé ìmọ̀ràn náà kò kan ẹni tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún kan náà, ẹ̀ka wọn tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ fi aspartame sí ìsọ̀rí 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Inú ìsọ̀rí yẹn náà ni omi tí wọ́n fún láti ara odidi ewé aloe vera wà, èyí tí a kì í pariwo lé lórí. Nígbà kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń wo ìwọ̀n oúnjẹ fi ọwọ́ sí i pé 40mg fún ìwọ̀n kílò kan ara lóòjọ́ kò léwu. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó wọn 60kg, 2,400mg. Bí agolo kan bá ní 200 sí 300mg, agolo 8 sí 12 lóòjọ́ nìyẹn, ojoojúmọ́. Ọmọdé ò wúwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà tirẹ̀ kéré púpọ̀.

Saccharin náà ti jẹ́jọ́ rí. Ó fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ fún eku, Amẹ́ríkà sì ń kọ ìkìlọ̀ sí i lára láti 1977 títí di 2000, kí wọ́n tó gbà pé ọ̀nà tó gbà ṣe é nínú eku kò sí lára ènìyàn.

Méjì wà tí èmi kò fi ṣeré. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Weizmann Institute ní Ísírẹ́lì fún àwọn tó lára le, tí wọn kì í lo adùn àtọwọ́dá, ní oríṣiríṣi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Saccharin àti sucralose yí bí ara wọn ṣe ń gba ṣúgà padà, ó sì jọ pé ọwọ́ àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun ni ó ti wá. Kò rí bákan náà lára gbogbo wọn. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gún ìka ara yín. Èkejì ni erythritol: ní 2023, àwọn onímọ̀ Cleveland Clinic rí i pé ẹni tí ó pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀ ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń mú jù. Ìyẹn ò fi hàn pé òun ló fà á. Àmọ́ ọkàn àwa tí a ní ìtọ̀ ṣúgà ti wà nínú ewu tẹ́lẹ̀, nítorí náà èmi ò jẹ́ kó di ojoojúmọ́ nílé mi, níwọ̀n ìgbà tí òmíràn wà.

7. Ẹ máa dín in kù

Oṣù kìíní, hóró méjì nínú ife tíì. Oṣù tó tẹ̀lé e, ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdajì. Ahọ́n máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ bí a bá fún un láyè. Ṣíbí mẹ́rin ni mo ń bù sí tíì tẹ́lẹ̀, hóró kan ló kù báyìí, tíì tí wọ́n bá fún mi lóde sì ti ń dùn mí lẹ́nu bí omi ìrèké.

Bàbá ò fi gaàrí sílẹ̀, èmi náà ò sì bẹ̀ wọ́n. A jọ wọ̀n ọ́n: ife kékeré, ìdajì rẹ̀ péré, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹja yíyan ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, hóró kan. Wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ kà 171. Wọ́n wo nọ́ńbà náà, wọ́n wò mí.

"Hóró London yìí, ṣé kí n dá a padà fún ọmọ mi ni?"

Mo ní kí wọ́n máa fi sínú tíì.